Kámẹ́rà tí ń ṣọ́ ẹranko lẹ́yìnkùlé: èyí tó yẹ ọgbà wa ní Kétu

Nínú oríṣi kámẹ́rà mẹ́ta tí a ti so mọ́ igi lẹ́yìnkùlé wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí owó rẹ̀ wà láàárín ni mo gba ẹni tó bá ní ọgbà kékeré nímọ̀ràn pé kó rà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra àkọ́kọ́, tó rọjú jù, lọ́jà ní Kútọnu; èkejì wá láti Èkó; ẹ̀kẹta, tó máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù, mọ̀lẹ́bí wa kan ló mú un bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣe wọ́n, nítorí irú kámẹ́rà báyìí pọ̀ lọ́jà tó jẹ́ pé inú kan náà ni wọ́n ní, tí ó jẹ́ orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára nìkan ló yàtọ̀. Ó sàn kí olùrà mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó lè bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè tí kò ní lè fi ẹ̀rín bò.

Kámẹ́rà yìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ènìyàn máa ń kàn mọ́ ògiri láti fi ṣọ́ olè, tó ń ya fídíò tọ̀sán-tòru. Ṣe ni ó máa ń dákẹ́ títí ohun tí ara rẹ̀ gbóná yóò fi kọjá níwájú rẹ̀. George Shiras, ará Amẹ́ríkà tí ìwé ìròyìn National Geographic tẹ àwòrán ẹranko òru rẹ̀ jáde ní oṣù Keje ọdún 1906, a máa na okùn sójú ọ̀nà ẹranko kí ẹranko fúnra rẹ̀ lè fà á, kí kámẹ́rà sì yà á. Lónìí, ooru ara ẹranko ló ń ṣe iṣẹ́ okùn náà.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí gba àròjinlẹ̀ fún àwa tí a ń gbé apá ibí. Lábẹ́ ojú kámẹ́rà, ẹ̀yà funfun kan wà tó yọ roboto síta díẹ̀. Òun ló ń mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbóná ara ẹranko àti ìgbóná ohun tó wà lẹ́yìn ẹranko náà. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá kéré, kámẹ́rà kò ní jí. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbóná dé ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ẹran àti ilẹ̀ tí oòrùn ń pa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹran sì lè jẹun tán níwájú kámẹ́rà kí ó sì máa lọ láìjẹ́ pé àwòrán kan ṣoṣo wà. Ewé ẹ̀gẹ́ tí oòrùn ti pa tí atẹ́gùn sì ń mì lè jí i ní tirẹ̀, kí ẹ wá bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán ewé lórí káàdì. Kámẹ́rà tí a rà ní Kútọnu kò ní ibi tí a ti lè yí agbára ẹ̀yà yìí padà, nítorí náà bó ṣe bá a ló ṣe ń bá a. Èkejì ní ìpele mẹ́ta. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń fi í sí ìpele gíga. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí òru sì tutù, a máa ń dá a padà sí àárín, nítorí ìyàtọ̀ ooru á ti pọ̀ nígbà náà, ohun tí kò tó nǹkan á sì tó láti jí i.

Nítorí ìdí kan náà, ẹni tó bá ń ra kámẹ́rà torí pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ejò ń wọ àgbàlá rẹ̀ ń fi owó ṣòfò ni. Ara ejò, alángbá àti ọ̀pọ̀lọ́ máa ń gbóná tàbí tutù bí àyíká wọn bá ṣe rí, ìyàtọ̀ tí ẹ̀yà náà ń wá kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí lára wọn. Ohun tó kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ó wá kámẹ́rà tí a lè pàṣẹ fún pé kó máa ya àwòrán ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, yálà nǹkan kọjá tàbí nǹkan kò kọjá, kí ó sì múra sílẹ̀ fún owó bátìrì. Bákan náà, kò sí ànfààní nínú gbígbé kámẹ́rà sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé kí òjò má bàa pa á: gíláàsì kì í jẹ́ kí ooru ara ẹranko kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iná tó ń tàn lóru á sì tàn padà sí i lójú.

Ibi tí kámẹ́rà ẹ̀kẹta, tó wọ́n jù, ti já wa kulẹ̀ ni ibi tí èkejì ti gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ mi. Àwọn ọdẹ òkè òkun ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n, àwọn tó ń retí àgbọ̀nrín tó dúró ní mítà mẹ́wàá tàbí ogún. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti de ojú kámẹ́rà mọ́ ọ̀nà jíjìn yẹn, kò sì sí bí a ṣe lè yí i. Ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sí méjì lọ á máa rí bàìbàì. Nínú oko ńlá, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ẹ̀yìnkùlé tí ìdí ìbẹ́pẹ kò fi ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí ẹnu ihò òkété, gbogbo iṣẹ́ ló bàjẹ́. Òkété tí kámẹ́rà ẹ̀kẹta yà fún wa, ìrù rẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ funfun la fi mọ̀ ọ́n. Ojú àti irun rẹ̀ dà bí ohun tí a ń wò nínú omi tí wọ́n ti rú. Kámẹ́rà àárín ń ríran dáadáa láti nǹkan bí ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, débi pé a lè ka irungbọ̀n òkété náà bó ṣe ń kó ẹyìn sẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹni tó bá ti ra èyí tí kò ríran nítòsí kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń mú awò kan ṣoṣo lára jígí ìkàwé àwọn àgbà, èyí tí wọ́n kọ +1 tàbí +2 sí, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ojú kámẹ́rà nìkan. Awò +1 máa ń mú ibi tí kámẹ́rà ti ń ríran dáadáa sún mọ́ nǹkan bíi mítà kan, +2 sì máa ń mú un sún mọ́ ìdajì mítà. Awò náà kò gbọdọ̀ bo ẹ̀yà tí ń mọ ooru, fún ìdí tí mo sọ nípa gíláàsì. Bí ẹranko bá sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀, iná òru lè pọ̀ jù kí ó sì sọ ojú rẹ̀ di funfun gbòò. Ìwọ̀nba téèpù funfun lórí díẹ̀ nínú àwọn gílóòbù kéékèèké náà á wò ó sàn.

Oríṣi iná òru méjì ló wà, ó sì yẹ kí a béèrè èyí tó wà nínú ohun tí a fẹ́ rà. Méjèèjì jẹ́ infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tí wọ́n kọ 850 nánómítà sí máa ń tàn jìnnà, àwòrán rẹ̀ sì máa ń mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjú sí i á rí i tó ń pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ó bá ti ń yà. Èyí tó jẹ́ 940 kì í hàn rárá, ibi tó ń tàn dé ló kàn kúrú. Nínú ọgbà tí kò fẹ̀, kí ni a fẹ́ fi ọ̀nà jíjìn ṣe? 940 ni mo fara mọ́, nítorí ẹranko àti nítorí ènìyàn pẹ̀lú: olè tó bá rí iná pupa lórí igi máńgòrò lóru á mọ̀ pé ohun títà wà níbẹ̀.

Ní ti megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà orí páálí dẹ́rù bà yín. Àwòrán fídíò tí wọ́n ń pè ní Full HD, 1920 lọ́nà 1080, kò fi bẹ́ẹ̀ ju megapixel méjì lọ, ó sì mọ́ tó láti fi dá ẹ̀tà mọ̀ yàtọ̀ sí ológbò. Nígbà tí kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú bá sọ pé òun ní 48, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ló kàn fa àwòrán kékeré náà gbòòrò, tí ó ń gba àyè lórí káàdì láìfi ohunkóhun kún un. Bó ṣe ń yára jí ló ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ń pẹ́ ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìrù ẹyẹ ẹ̀gà ni yóò máa yà fún yín.

Bátìrì ni owó tí ẹnikẹ́ni kì í rò nígbà tó bá ń nájà. Mẹ́jọ ni èyí àárín ń lò, irú tí a ń fi sínú tọ́ọ̀ṣì kékeré. Agbára irú tó wọ́pọ̀ lọ́jà, alkaline, máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná òru ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ sínú kámẹ́rà, ó lè da omi sílẹ̀ kí ó sì jẹ irin inú rẹ̀. Lithium máa ń pẹ́, owó rẹ̀ ga. Èyí tí a ń gba iná sí ni mo rò pé ó dára jù fún ilé tó ní iná SBEE, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ilẹ̀ wa, tàbí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lórí òrùlé, ṣùgbọ́n fólítì 1.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gbé, kì í ṣe 1.5, àwọn kámẹ́rà kan sì máa ń kà á sí bátìrì tó ti kú. Ìwé ìlò kámẹ́rà ló máa ń sọ bóyá ó gbà á. Tuntun àti àlòkù kò gbọdọ̀ pàdé nínú àpótí kan náà. Káàdì mẹ́mọ́rì 32 GB tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbà, ibẹ̀ gan-an sì ni òpin ohun tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà lè gbà.

Èyí tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ wu àwọn ọ̀dọ́ ilé wa gan-an. Ó nílò síìmù, dátà àti ìgbì 4G tó dúró, kì í sì í ṣe gbogbo kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ló lè bá àwọn ilé iṣẹ́ fóònù tiwa, MTN, Moov tàbí Celtiis, ṣiṣẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kì í gba síìmù mìíràn ju èyí tí wọ́n tà á mọ́, pẹ̀lú owó oṣooṣù. Ní ẹ̀bá ààlà, lọ́nà Ìlárá, fóònù a tún máa já sórí ìgbì Nàìjíríà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Fún ọgbà tí a lè rìn dé ní bàtà ilé, Wi-Fi inú kámẹ́rà àárín, tí a fi ń wo àwòrán lórí fóònù láti ẹ̀gbẹ́ igi, ti tó.

Bí a bá máa so ó, ìwọ̀n gíga orúnkún ló bá òkété àti àparò mu. Kí ojú rẹ̀ kọ sí àríwá tàbí gúúsù, nítorí oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ á fọ́ ọ lójú bí ó bá kọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Kí ọ̀nà ẹranko gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, torí ẹran tó bá ń bọ̀ tààrà kì í tètè jí i. Òpó irin dára ju òpó igi gbígbẹ lọ, ikán ni. Ẹ má ṣe kọjú rẹ̀ sí balùwẹ̀ aládùúgbò. Bí ó bá sì máa kọjú sí ọ̀nà ìta, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò, nítorí ó ní òru tí Orò máa ń jáde, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí a bá àwòrán awo lórí káàdì òun.

Ní ti owó, yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, nítorí náà kámẹ́rà tí wọ́n ń tà ní 60 yúrò lókè òkun ti lé ní 39,000 sẹ́fà kí a tó ka owó ọkọ̀, káàdì àti bátìrì. Iye tó sún mọ́ ọn ni a san fún èyí àárín. Kí ẹ tó sanwó ní ìsọ̀, ẹ ní kí ọ̀gá náà ki bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ di owó sẹ́fà kan mú ní ìwọ̀n mítà kan sí ojú kámẹ́rà, ẹ yà á, kí ẹ sì wò ó lórí fóònù bóyá ẹ lè ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e wọ ibi tó ṣókùnkùn, ẹ rìn kọjá níwájú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó jí àti bóyá iná pupa hàn. Àkọ́kọ́ kò ní yege nínú èyíkéyìí. Ẹ̀kẹta yóò yege nínú òkùnkùn, yóò sì kùnà nínú owó sẹ́fà. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà igbó Dogo, tí kò lè máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, tí ìgbì sì wà níbẹ̀, ni mo lè ní kó rà á.