Glycolic 7% ti The Ordinary: àwọn tó bá a rẹ́ àtàwọn tí mi ò jẹ́ kó bá pàdé

Ẹ ṣe sùúrù fún mi o, àgbéyẹ̀wò yìí á gùn díẹ̀, torí gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá bi mí pé ṣé toner Glycolic 7% ti ilé-iṣẹ́ The Ordinary (omi tá a máa ń fi sójú lẹ́yìn tá a bá ti fọ̀ ọ́) dáa, èmi náà á bi í padà pé kí lo fẹ́ fi tẹ̀ lé e? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Toner yẹn ò níjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, àwọn nǹkan yòókù tẹ́ ẹ tò sórí tábìlì ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Fẹ́ni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ìgò 240ml ni, omi ṣooro ló wà nínú ẹ̀, kì í ki, kì í sì í lẹ̀. Glycolic acid 7% ni, ọ̀kan lára àwọn ásíìdì tó ń bó awọ tó ti kú, tí wọ́n ń pè ní AHA, irú èyí tó wà nínú ìrèké. Nínú gbogbo àwọn AHA òun ni mólékù ẹ̀ kéré jù, ìyẹn ló fi ń yára wọlé sára, ìyẹn náà ló sì fi máa ń ta ju àwọn AHA bíi lactic àti mandelic lọ. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó tú ohun tó lẹ awọ tó ti kú mọ́ ojú, kó lè bó kúrò wẹ́rẹ́, kí tuntun yọ.

Ohun tí mo rà á fún ni àpá irorẹ́. Àwa aláwọ̀ dúdú yìí, irorẹ́ á lọ, àpá ẹ̀ á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó san rẹ́ǹtì ọdún méjì. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan ló máa ṣiṣẹ́ o, ẹni tó bá ń wá oògùn ọjọ́ mẹ́ta kó má wulẹ̀ náwó ẹ̀. Àmọ́ àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ṣá gan-an, iwájú orí mi ò sì rí ṣákiṣàki mọ́. Ihò awọ tí òróró dí ni kò rí nǹkan kan ṣe sí, salicylic (ásíìdì tí wọ́n ń pè ní BHA) ló ń ṣe ìyẹn torí òun ló lè wọnú òróró.

Alẹ́ nìkan ni mo ń lò ó, lórí ojú tó ti gbẹ. Mi ò fi kọ́tìn ṣe é, kọ́tìn á kàn mu owó yín ni, mo máa ń kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mo sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́jú, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, mi ò jẹ́ kó dé abẹ́ ojú tàbí igun ẹnu tàbí kọ̀rọ̀ imú níbi tí omi ti lè dúró sí. Ó máa ta ṣín-ín-ṣín-ín fúngbà díẹ̀, á lọ. Tó bá ń jó yín tí ò dáwọ́ dúró, ẹ lọ ṣan án kúrò, ẹ má dúró máa fara dà á pé "ó ń ṣiṣẹ́" ni.

Ó yá, àwọn tó bá a rẹ́. Niacinamide, oríṣi fítámìn B3 kan, ni àkọ́kọ́. Ẹ máa gbọ́ ọ lórí Instagram pé wọn ò gbọ́dọ̀ pàdé, pé ásíìdì á sọ niacinamide di niacin tó máa ń jẹ́ kí ojú gbóná. Irọ́ kọ́ pé ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó gba ooru líle àti àkókò gígùn, kì í ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú èèyàn. Mo kàn ń jẹ́ kí toner gbẹ ni, kí n tó fi niacinamide lé e. Ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi pé iṣẹ́ wọn ò jọra: ọ̀kan ń bó tòkè dànù, èkejì ń dí melanin, ohun tó ń mú awọ dúdú, lọ́wọ́ kó má ráyè gùn wọ awọ tó ń bọ̀. Hyaluronic náà ò níṣòro, ẹ má jẹ́ kí "acid" tó wà lórúkọ ẹ̀ dẹ́rù bà yín, omi ló ń fà mọ́ra, kì í bó nǹkan kan. Lẹ́yìn náà krímù, nígbà ọyẹ́ mo tún máa ń fi òrí díẹ̀ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmọ́ kò kan iwájú orí mi torí òróró tibẹ̀ nìkan tó láti din dòdò.

Retinol ni mi ò jẹ́ kí òun àti toner yìí bára wọn sùn lálẹ́ kan náà, àti adapalene, àti tretinoin, ìdílé fítámìn A ni gbogbo wọn. Dókítà awọ kan ní New York, Whitney Bowe, ló gbé ètò tí wọ́n ń pè ní skin cycling jáde: alẹ́ kìíní ásíìdì, alẹ́ kejì retinol, alẹ́ kẹta àti ìkẹrin ìsinmi, krímù lásán. Òun ni mò ń tẹ̀ lé, ojú mi ò sì gbẹ hán-ún-hán-ún. Fítámìn C ní tiẹ̀, àárọ̀ ni tèmi, torí ásíìdì lòun náà, kí ló dé tá a máa kó méjì lójú pọ̀. Peeling Solution pupa bí ẹ̀jẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń ṣe, AHA 30% àti BHA 2%, ìyẹn ò kí n sún mọ́ alẹ́ toner rárá.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Mo fẹ́ràn ẹ̀, òun ni mo fi ń wẹ̀. Àmọ́ eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn sì le ju bí awọ ojú ṣe fẹ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti fi òun àti kànìnkànìn bó ojú tán, kí wá ló kù tí ásíìdì fẹ́ bó? Lálẹ́ toner, ọṣẹ tó rọ̀ ni mo fi ń fọjú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn krímù "organic" inú ike tí ò ní lébẹ́ẹ̀lì. Àbúrò mi kan ń lo ọ̀kan tí wọ́n pò fún un, ó wá fi toner mi lé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ bó, nígbà tó máa jinná ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní toner mi ló ṣe é. Toner wo? Bí steroid bá wà nínú irú krímù bẹ́ẹ̀, ó ti sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ásíìdì tó kàn án, NAFDAC sì ti ń pariwo mẹ́kúrì àti hydroquinone inú krímù ìbóra ọjọ́ ti pẹ́. Tẹ́ ò bá mọ ohun tó wà nínú ike yẹn, ẹ má fi ásíìdì kankan lé e.

Sunscreen (krímù tó ń dènà oòrùn) láàárọ̀ o, SPF 30 sókè, ìyẹn nọ́ńbà agbára ẹ̀. Ó wà lára páálí pé oòrùn lè tètè jó ẹni tó ń lo AHA, FDA, bíi NAFDAC ti Amẹ́ríkà, tiẹ̀ ní kéèyàn ṣì máa lo sunscreen fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó bá dáwọ́ AHA dúró. Ẹni tí ò lè ra sunscreen mọ́ ọn, kó fowó toner ra sunscreen.

Ohun kan tó kù: toner yìí dáa fún abíyá. Kì í dí òógùn o, àmọ́ kòkòrò tó ń mú abíyá rùn ò fẹ́ràn ibi tí ásíìdì wà, nínú ooru Èkó yìí mo rí ìyàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fárun ibẹ̀ tán ṣá, ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la, ẹ má ní mi ò sọ.