Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rọ Aṣàwárí Ìmọ́lẹ̀ Kékeré Kan, láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀rọ sílíkónì tí a gbé yẹ̀ wò yìí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá tíntìntín ló wà lójú rẹ̀, débi pé bí fótónì kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ, bá bà lé ọ̀kan nínú wọn, àmì iná yóò yọ lójú ọsilosíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán àmì iná. Ẹni tó tà á kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó yẹ fún ágọ́ọ̀nù olómi, ìyẹn gáàsì tí òtútù sọ di omi, irú èyí tí wọn yóò rọ kún àwọn àgbá ńlá iṣẹ́ ìwádìí DUNE ní South Dakota ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọn yóò ti máa ṣọ́ nútírínò, ẹyọ tíntìntín tó ṣòro láti rí mú, ní nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀ sábẹ́ ilẹ̀.

Nínú ooru yàrá ìwádìí wa, ariwo ara rẹ̀, ìyẹn àmì èké tó ń yọ láìsí ìmọ́lẹ̀, pọ̀ ju ohun tí à ń wá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rì í sínú náítrójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ -196°C, tó sì fi ìwọ̀n bíi mẹ́wàá tutù ju ágọ́ọ̀nù lọ, ariwo náà pa lọ́lọ́, àmì fótónì kan, méjì àti mẹ́ta sì yà sọ́tọ̀ kedere. Kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó dín fólítì rẹ̀ kù bí òtútù ti ń mú un, kó sì lo bátìrì, nítorí jẹnẹrétọ̀ a máa da àmì rú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ágọ́ọ̀nù olómi ń tàn nígbà tí nǹkan bíi nútírínò bá kọlù ú jẹ́ ti ìgbì 128 nánòmítà, tí ojú èèyàn kò lè rí, tí gíláàsì kò jẹ́ kó kọjá, tí ike tí wọ́n dà bo ojú ẹ̀rọ yìí kò sì jẹ́ kó kọjá bákan náà. Àfi kí èèyàn fi èròjà TPB, tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ náà di aláwọ̀ aró, sí iwájú rẹ̀. Páálí kò mẹ́nu kan èyí rárá. Iná LED aláwọ̀ aró tí wọ́n fi kún ọjà náà fún àyẹ̀wò kò lè tú àṣírí yìí láé, nítorí ike náà kò dí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́nà, bí ìgbà tí oníṣòwò bá fi kóńgò tó ti tẹ̀ nídìí wọn gàárì fún wa ni.

Ike náà tún sán ní igun kan, fínrínfínrín bí irun, lẹ́yìn tí a yọ ọ́ nínú òtútù. Ìrì ìgbà òjò sì bò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ wé e sínú ọ̀rá kó tó móoru.

Fún kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ka fótónì, owó wa kò ṣòfò. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún ágọ́ọ̀nù ní tààrà, kó béèrè èyí tí wọn kò da ike bò, tí wọ́n dìídì ṣe fún ìgbì 128, tàbí kó wá TPB sílẹ̀ kó tó sanwó.