Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kámẹ́rà fídíò olówó pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kámẹ́rà fídíò kékeré tí ẹ ó máa fi ya àwọn ará ilé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó. Ojú ń tì mí láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé èmi tí àwọn ẹbí mi máa ń bi léèrè kí wọ́n tó ra fóònù ni wọ́n lù ní jìbìtì bí ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni olè tí ó ta kámẹ́rà rẹ̀ fún mi yóò kọjá sí.

Ohun tí olùtajà náà kọ sí ojú ìwé ọjà rẹ̀ ni pé kámẹ́rà náà ń ya fídíò 4K, ìyẹn èyí tí ó mọ́ kedere gan-an, pé 48 megapixel (mílíọ̀nù 48 pixel, àwọn àmì kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán) ni agbára rẹ̀, pé ó ń fa ohun tí ó wà lọ́nà jíjìn súnmọ́ ní ìlọ́po 16, àti pé òun yóò fi mẹ́mórì 128GB kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́! Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó ta mí jí. Àbúrò mi béèrè ìdí tí gbogbo àwọn tí ó ń yin ọjà náà fi ń sọ gbólóhùn kan náà, mo sì jágbe mọ́ ọn. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní òmùgọ̀. Páálí rẹ̀ ń dán, bátìrì méjì wà nínú rẹ̀, mo sì dán an wò nínú oòrùn, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Ta ni ìbá fura?

Ọjọ́ tí ìyá mi pé ẹni 80 ọdún ni mo gbé e jáde. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí, iná pupa kékeré náà sì ń ṣẹ́jú sí mi pé òun ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tí mo ki mẹ́mórì náà bọ kọ̀ǹpútà lálẹ́, orúkọ gbogbo fídíò náà pé pérépéré, ṣùgbọ́n láti ibi tí ìyá mi ti la ẹnu, kò sí ọ̀kan tí ó ṣí. Ohun tí mo ní ni nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú tí a fi ń to àga. Àga!

Mo fi H2testw, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí ó máa ń kọ nǹkan kún inú mẹ́mórì kí ó tó kà á padà, yẹ̀ ẹ́ wò: ohun tí ó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀ kò tó 8GB. Wọ́n ti kọ́ mẹ́mórì náà láti purọ́ fún kámẹ́rà pé àyè ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn ń ṣègbé. Ẹni tí ó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi mọ ohun tí ó ń ṣe.

Kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? 4K tòótọ́ jẹ́ pixel 3840 ní ìbú àti 2160 ní òòró, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ pixel, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àwòrán 4K rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 1080p, èyí tí pixel rẹ̀ kéré sí ti 4K, lẹ́tà tí n kò lè kà nínú ọ̀kan ni n kò lè kà nínú èkejì. Ó kàn na àwòrán kékeré ni. Bí mo bá sì ní kí ó fa nǹkan súnmọ́, lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í mira rárá, àárín àwòrán ni ó ń gé tí ó ń fẹ̀. Nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, ńṣe ni àwòrán dà bí ẹni pé a bu iyanrìn sí i. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó fúyẹ́, ojú ibi tí a ti ń wo àwòrán lára rẹ̀ ṣeé yí padà síwájú, ọmọdé lè lò ó lójú oòrùn. Bí olùtajà náà bá tà á fún mi bẹ́ẹ̀, n kò ní bá a jà.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí olùtajà náà, ó ní mo ti jẹ́ kí omi wọ inú kámẹ́rà náà. Omi wo? Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò dá díẹ̀ padà nínú owó mi bí mo bá lè yin ọjà náà ní gbangba. Nígbà tí mo kọ̀, ó blọ́ọ̀kì mi.

Ẹ ra mẹ́mórì yín lọ́tọ̀, ẹ kọ nǹkan kún un dẹ́nu kí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó tó pé, kí ẹ sì sanwó lọ́nà tí a fi lè gbà á padà. Ẹ béèrè bóyá lẹ́ǹsì ń sún. Ní tèmi, n kò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́, àní àwọn tí ó ń ta ojúlówó pàápàá, nítorí pé wọ́n ń rí àwọn oníjìbìtì wọ̀nyí, wọ́n sì ń wò wọ́n níran.

Olè tèmi ti yí orúkọ padà báyìí, ṣùgbọ́n kò yí àwòrán ọjà rẹ̀ padà. Bí ẹ bá rí kámẹ́rà dúdú lórí tábìlì onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì méjì, òun náà nìyẹn.