Ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò: àgbéyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi èyí hàn wá kedere, òun náà ló sì mú mi kọ̀wé. Ọmọ mẹ́jọ wà nínú omi pẹ̀lú olùkọ́ kan ṣoṣo. Ó gbé ọ̀kan lé ọwọ́ láti kọ́ ọ bí a ṣe ń léfòó, ó sì kẹ́yìn sí méje yòókù. Ilẹ̀ adágún náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: omi kan ọmọ ní ìbàdí níbí, ó bò ó mọ́lẹ̀ lápá kejì, kò sì sí okùn kankan láàárín. Ọ̀kan rọra ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ títí ilẹ̀ fi tán lábẹ́ rẹ̀. Orí dà sẹ́yìn, omi dé ẹnu, ọwọ́ méjèèjì ń tẹ omi bí ẹni tó ń gun àkàbà. Kò sí igbe kankan. Orí ló kó o yọ: olùkọ́ yíjú, ó sì fà á lápá.

Ẹ̀ṣọ́ omi ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ló wà, ó ń kọ orúkọ. Èsì akọ̀wé ètò náà ni pé, "Ẹ ṣe sùúrù o, ọ̀fẹ́ ṣáà ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára gan-an. Omi ò mọ ẹni tó sanwó. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ò ju ọ̀kan lọ: kí ojú rẹ̀ má kúrò lára omi. Olùkọ́ ò lè ṣe é mọ́ ìkọ́ni.

Ọ̀gá àgbà ò jiyàn ní tirẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó dé, okùn tó ń léfòó ti dábùú omi níbi tó ti kan ọmọ tó kúrú jù ní àyà, ọ̀pá gígùn ti wà létí omi, olùkọ́ kan sì di ti ọmọ mẹ́fà.

Ní ti ìkọ́ni fúnra rẹ̀, ó dára dé góńgó. Wọn kì í fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí ọmọ lápá, torí ńṣe ló ń mú ọmọ dúró ṣánṣán, bẹ́ẹ̀ ìdùbúlẹ̀ gbọọrọ ni ìlúwẹ̀ẹ́ ń fẹ́. Ẹnu ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ á fẹ́ èémí jáde nínú omi títí omi á fi máa hó. Lẹ́yìn náà ló kan fífi ẹ̀yìn léfòó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbé orí sókè kí omi má baà wọ̀ wọ́n létí. Orí ò ní gòkè tán kí ìdí tó rì. Olùkọ́ á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ọrùn, á ní kí etí wọ omi, kí ikùn yọ sókè, á wá máa yọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ìka kan. Títa ẹsẹ̀, láti ìbàdí ni. Ọmọ tó bá ń ká orúnkún bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ò ní kúrò lójú kan. Kí wọ́n tó kọ́ ọmọ láti fi ọwọ́ wọ́ omi rárá, wọ́n ti kọ́ ọ láti fò wọ omi, kó yípadà, kó di etí adágún mú.

Ìwọ̀n klorínì (oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi) àti pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) wà lára pátákó láràárọ̀: klorínì 1 sí 3 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù), pH 7.2 sí 7.8. Síbẹ̀ òórùn omi náà ń ta ojú, torí wọn kì í fipá mú àwọn ọmọ fi ọṣẹ wẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Klorínì tó ti pò mọ́ òógùn àti ìtọ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Omi náà tún tutù, 26°C. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ètè àwọn kéékèèké ti ń gbọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀ṣọ́ tún padà sẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ lọ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀. Kó tó tẹ ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ wo ibi tí ẹ̀ṣọ́ dúró sí.

Máàkì: 2 nínú 5.