Ṣájà mọ́tò oníná nínú ọgbà fúláàtì n'Íkòròdú: èwo ni kẹ́ ẹ rà nínú mẹ́ta yìí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo mọ́tò oníná, bó jẹ́ tokunbọ̀ bó jẹ́ tuntun, tó sì jẹ́ pé fúláàtì lẹ ń gbé, tí gbogbo ilé jọ ń páàkì sínú ọgbà kan ṣoṣo, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ́lé tiẹ̀ lọ́tọ̀, wàhálà tiẹ̀ ò pọ̀, á pe oníṣẹ́ iná, wọ́n á fa wáyà láti ìdí mítà lọ síbi tí mọ́tò ń sùn, ó parí. Ti fúláàtì ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, mítà lè wà lórí òpó níta gbangba, ẹ̀yin ń gbé òkè kejì, mọ́tò wà lẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣokawéè, ilẹ̀ tẹ́ ẹ páàkì sí sì jẹ́ ti gbogbo ilé, láńlọ́ọ̀dù lè máà gbé ibẹ̀, káretéékà ló ń pàṣẹ.

Ohun táwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé èwo ló yára jù. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣíwájú ìyẹn: wákàtí mélòó lẹ ń rí iná lójúmọ́, àti pé mítà ta ni iná mọ́tò yín á máa gbà kọjá. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìdáhùn méjèèjì, ṣájà tó yẹ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ fúnra ẹ̀ yọ síta.

Àwọn mẹ́ta tó wà nílẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ṣájà alágbèéká, èyí tó sábà máa ń bá mọ́tò wá nínú búùtù, tẹ́ ẹ kàn máa kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta 13 áńpì tó wà nílé gbogbo wa. Tẹ́ ẹ bá sé e sí 10 áńpì, tí iná sì pé 230 fóòtì (volt, agbára tí iná fi ń wọlé), kílówáàtì 2.3 ló ń fà, ìyẹn ni yúníìtì 2 lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, ó ní wáyà tiẹ̀ àti bíréékà tiẹ̀ tààrà láti ìdí mítà, láìnì kan (single phase) ló ń lò, 32 áńpì, kílówáàtì 7.4. Ìkẹta ni ti gbogbo ilé, láìnì mẹ́ta (three phase) ló ń lò, kílówáàtì 11 tàbí 22, káàdì tàbí áàpù ni olúkúlùkù fi ń ṣí i, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ á sì máa pín iná láàárín àwọn mọ́tò tó bá so mọ́ ọn. Àwọn ńlá tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti kílówáàtì 50 lọ sókè, ẹ yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn, ilé ìṣòwò ló wà fún, ó sì lè wúwo jù fún tíráńsífọ́mà àdúgbò.

Ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà tàbí ní Island, ká ní ó ń rin bíi kìlómítà 70 lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀. Mọ́tò tó mọ níwọ̀n bíi Nissan Leaf tàbí Hyundai Kona á jẹ bíi yúníìtì 16 fún kìlómítà 100, ẹ wá fi èyí tó ń ṣòfò nígbà tó ń ṣáájì kún un, á jẹ́ bíi yúníìtì 12 sí 13 lójúmọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, ₦209.50 ni yúníìtì kan ní Band A (ìpele àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù) láìka VAT, ìyẹn bíi ₦2,600 fún ọjọ́ kan. Mọ́tò pẹtiróò tó ń jẹ lítà 10 fún kìlómítà 100 á jẹ lítà 7 fún ìrìn yẹn kan náà, tí lítà bá jẹ́ ₦900 ẹ ti ná ₦6,300. Iye tó wà lórí risíìtì yín àti lójú páńpù lónìí ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò tèmi.

Bí iná bá ṣe burú tó, bẹ́ẹ̀ ni ṣájà tó yára ṣe wúlò tó

Ibi táwọn olùtà kì í sọ fún yín nìyí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó wà ní Band A ló yẹ kó ra ṣájà ńlá, torí pé òun ló ní iná, ẹni tí iná ẹ̀ ò dáa kó máa fi kékeré ṣe é. Òdìkejì ẹ̀ gan-an ló rí! Ikeja Electric ló ń fún wa ní iná n'Íkòròdú, ẹ sì mọ̀ pé àdúgbò kan ò jọ ìkejì, òpópónà méjì tó fara kan ara wọn lè máà sí lórí fídà (wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò) kan náà. Ètò Band yẹn sọ pé ó kéré tán, A á rí wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4.

Ẹni tó wà ní Band A, tó bá dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ tó so mọ́tò mọ́ ṣájà alágbèéká, yúníìtì 12 sí 13 tó nílò á wọlé láàárín wákàtí márùn-ún àbọ̀, kó tó jí mọ́tò á ti yó, kí ló tún fẹ́ fi ṣájà olówó ńlá ṣe? Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Band D, wákàtí 8 yẹn lè bọ́ sí ọ̀sán tó wà níbi iṣẹ́, kó wá ku wákàtí méjì péré lóru. Nínú wákàtí méjì yẹn, alágbèéká á fún un ní yúníìtì 4.6, bíi kìlómítà 25 nìyẹn, kò lè gbé e dé Íkẹjà kó sì padà. Èyí tó wà lára ògiri á ti kó yúníìtì tó lé ní 14 sínú láàárín wákàtí méjì kan náà, ọjọ́ kan gbáko ti wọlé. Bí ìgbà tí omi ẹ̀rọ bá ń dá wá ni, ẹni tó ní páìpù fífẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù ẹ̀ á kún kó tó dá lọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ ṣá, àdúgbò tí iná ò ti dáa, hááfù kọ́rẹ́ǹtì ló sábà máa ń wà níbẹ̀ náà. Tí fóòtì bá wálẹ̀ sí 160, ṣájà 32 áńpì tó yẹ kó fún yín ní 7.4 á fún yín ní bíi 5, àwọn ṣájà míì á tiẹ̀ kọ̀ pátápátá, wọ́n á tan iná pupa. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ béèrè pé fóòtì tó kéré jù wo ló lè ṣiṣẹ́ lé lórí, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ lè dín áńpì ẹ̀ kù sí 16 tàbí 10 fúnra yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín láti lọ ra stabilizer ńlá tìtorí ẹ̀, torí pé kí stabilizer tó lè gbé 160 dé 230 fún ṣájà 32 áńpì, áńpì tó ń fà láti òpó á ju 45 lọ, ẹ kàn ń fi kún ìnira wáyà àdúgbò ni, iná àwọn ará ilé yòókù á tún máa pọ́n sí i.

Ẹ yẹ ẹnu mọ́tò wò kẹ́ ẹ tó ra ṣájà

Ẹnu ni mo ń pe ihò tí wáyà ṣájà ń wọ̀ lára mọ́tò, oríṣiríṣi ló sì wà. Mọ́tò tokunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹnu Type 1 ló sábà ní, Tesla ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ti Yúróòpù jẹ́ Type 2. Èyí tí wọ́n kó láti Ṣáínà tààrà, GB/T ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ ra ṣájà ògiri tí wáyà ò lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, èyí tó kàn ní ihò Type 2 níwájú, wáyà Type 2 sí Type 1 wà, Type 2 sí GB/T náà wà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ mọ́tò, wáyà nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara ṣájà alágbèéká tó bá bá tokunbọ̀ Amẹ́ríkà wá dáadáa. Iná 120 fóòtì ni wọ́n ń lò nínú ilé lọ́hùn-ún, tí kò bá kọ ọ́ sára pé ó lè gba 120 dé 240, ẹ má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, á jóná. Ohun tó wà nínú mọ́tò fúnra ẹ̀ sábà máa ń lè gba 230 wa láìsí wàhálà, àpótí tó wà láàárín wáyà ṣájà alágbèéká yẹn ni kò lè gbà á.

Ohun míì tún ni pé mọ́tò ló ń pinnu iye tó máa gbà, kì í ṣe ṣájà. Leaf àtijọ́ ti bíi 2011 àti 2012, kílówáàtì 3.3 ni agbára tiẹ̀, ẹ gbé 7.4 tàbí 22 síwájú ẹ̀, 3.3 yẹn náà ló máa mu. Ẹ má sanwó fún ohun tí mọ́tò yín ò lè jẹ.

Wáyà, bíréékà àti earth

Tó bá jẹ́ alágbèéká lẹ mú, sọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe fún un, kó ní bíréékà tiẹ̀, kí pílọ́ọ̀gì míì má wà lórí wáyà yẹn. Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò ṣe é fi fa iná tó le fún wákàtí mẹ́fà lórí extension ọjà tí wọ́n na láti fèrèsé òkè sọ̀ kalẹ̀, mo ti rí ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ́ mọ́ pílọ́ọ̀gì báyìí, tí ọmọdé sì ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. 10 áńpì ni kẹ́ ẹ sé e mọ́, 8 tiẹ̀ sàn jù tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti pẹ́.

Tó bá jẹ́ ti ògiri, wáyà kọ́pà 6mm tó fún ibi tó súnmọ́. Tí ìdí mítà sí mọ́tò bá tó mítà 40, 6mm á jẹ bíi fóòtì 9 lójú ọ̀nà, 10mm á jẹ bíi 6, níbi tí iná ò tiẹ̀ ti pé tẹ́lẹ̀, fóòtì mẹ́ta yẹn níye lórí, 10mm ni kẹ́ ẹ rà. Kó jẹ́ ọ̀kan tó ní irin lára tàbí kó wà nínú páìpù. Bíréékà 40 áńpì, RCD (ohun tó ń já iná tí iná bá ń jò, kó má baà gbé èèyàn) tó ń já ní 30mA, kó jẹ́ irú RCD tí wọ́n ń pè ní Type B, àfi tí ṣájà bá ti ní èyí tó ń ṣọ́ jíjò DC (irú iná inú bátìrì) 6mA nínú ara ẹ̀ ni RCD Type A fi tó. Ẹ fi ohun tó ń gba iná òjijì sí i torí bí NEPA ṣe ń gbé iná dé, ẹ sì rí i dájú pé wọ́n ri irin earth mọ́lẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ilé n'Íkòròdú ni wáyà earth ò dé ibì kankan, ṣájà tó dáa ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á wá ní ṣájà ló bàjẹ́.

Ẹ wo iye áńpì tí wọ́n kọ sára mítà yín náà. Tó bá jẹ́ 60, mọ́tò nìkan ti mú ju ìdajì lọ, tí ẹ bá wá tan AC, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ omi pa pọ̀, ó máa já. Àwọn ṣájà kan ní ohun kékeré tí wọ́n ń há mọ́ wáyà mítà, tó bá rí i pé ilé ń lo iná púpọ̀ á fúnra ẹ̀ dín ti mọ́tò kù. Ẹ ra irú ẹ̀, owó ẹ̀ tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ajégunlẹ̀, Májídùn, Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti etí omi gbogbo, ẹ̀yin náà mọ bí omi ṣe ń dé nígbà òjò, pàápàá tí odò Ògùn bá kún. Kí ṣájà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ga dé àyà èèyàn, kó jẹ́ IP65, ìyẹn èyí tí eruku àti omi tó bá ta sí i ò lè wọ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kékeré ilé, lítà kan kì í fún yín ju bíi yúníìtì 2 lọ, àwọn ṣájà míì á sì kọ̀ ọ́ torí earth. Sólà sàn ju ìyẹn lọ fún ẹni tí mọ́tò ẹ̀ ń wà nílé lọ́sàn-án, inverter 5kVA lè gbé alágbèéká, kò lè gbé 7.4.

Ti gbogbo ilé ńkọ́?

Mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lọ ṣe é tí mọ́tò oníná inú ọgbà ò bá tíì tó mẹ́ta. Mítà ta ni? Tó bá jẹ́ ti gbogbo ilé tó ń gbé ẹ̀rọ omi àti iná géètì, ta ló ń ra káàdì sí i, ẹni tí kò ní mọ́tò ṣe máa dá sí i? Àfi kẹ́ ẹ ní mítà kékeré lọ́tọ̀ fún ṣájà nìkan, kí káàdì olúkúlùkù sì máa ka yúníìtì tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ẹ̀sítéètì lọ́wọ́ ní Ìgbógbó, Ìjẹ̀dẹ̀, Ìmọ́ta, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù: ẹ ri páìpù òfìfo mọ́lẹ̀ láti ìdí mítà dé ibi páàkì kẹ́ ẹ tó da kọnkéré, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lónìí, fífọ́ ilẹ̀ lọ́la ló máa dùn yín.

Fún ayálégbé tó wà ní Band A tó ń rìn bí mo ṣe sọ, alágbèéká pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì gidi ni mo máa sọ pé kó mú. Band C lọ sísàlẹ̀, ti ògiri, kódà tówó ẹ̀ bá wúwo, ẹ sì mọ̀ pé wáyà àti iṣẹ́ lè ju owó ṣájà fúnra ẹ̀ lọ tí mítà bá jìnnà.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu káretéékà. Láńlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ni kó fọwọ́ sí ìwé, kó wà níbẹ̀ pé mítà yín ni iná ń gbà, pé àyè páàkì yẹn ò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, àti pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde, ẹ̀yin lẹ máa tú ṣájà àti bíréékà yín lọ, kí wáyà tó ti wọnú ògiri kù sílẹ̀ fún un, tàbí kó san án padà fún yín, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò lé lórí kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́.