Búrọ́ọ̀ṣì ìfọ-kọ̀rọ̀ mọ́tò: ohun tí mo rí lára tèmi

Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń lo àwọn búrọ́ọ̀ṣì yìí. Márùn-ún ni wọ́n, èyí tó kéré jù kò ju ọmọńdinrín lọ. Boxster 2001, mọ́tò Porsche kékeré, ni mò ń fi wọ́n fọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ẹni tó bá mọ erùpẹ̀ pupa ibí á mọ ohun tí ojú mọ́tò tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀ ń rí.

Wọ́n ṣiṣẹ́ lára rímù. Eérú dúdú tó ń jáde lára bíréékì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rímù níbi tí ọwọ́ ò lè wọ̀. Àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò á rọ́ omi sí i títí, tó bá ṣì dúdú, wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.” Irọ́ ni o. Ẹ jẹ́ kí rímù tutù, ẹ fi ọṣẹ mọ́tò lásán sí i, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n-ọ́n lọ gbọ̀n-ọ́n bọ̀. Ike ló di irun rẹ̀ mú, kì í ṣe irin tó lè ha ọ̀dà.

Ṣùgbọ́n ihò omi ni mo torí ẹ̀ ń kọ èyí. Aṣọ ni òrùlé Boxster. Tẹ́ ẹ bá ṣí i dé ìdajì, ẹ óò rí ihò kan lẹ́yìn lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí òjò ń gbà jáde. Tí ewé bá dí i, inú mọ́tò lomi ń dà sí. Abẹ́ ìjókòó awakọ̀ sì ni àpótí iná tó ń darí lọ́ọ̀kì àti kọ́kọ́rọ́ wà. Tó bá mumi, mọ́tò lè kọ̀ láti sítáàtì, owó gọbọi sì ni. Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù ni mo fi ń kó ewé tó ti di ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu ihò náà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rọra da omi ife kan sí i, tí màá bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́, ó lè lu páìpù inú rẹ̀.

Lẹ́yìn Ojúde Ọba, erùpẹ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin kún ojú ihò éèsì mi bámú. Èyí tí irun ẹ̀ rọ̀ gbọn gbogbo ẹ̀ jáde. Mo ya èyí sọ́tọ̀, kò gbọdọ̀ kan rímù láé, torí irin wà nínú eérú bíréékì, ó sì ń ha nǹkan.

Rédíétọ̀ tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù ńkọ́? Àwọn búrọ́ọ̀ṣì yìí ò dé ibẹ̀. Ọ̀tún àti òsì iwájú ni àwọn rédíétọ̀ wà, lẹ́yìn ẹnu bọ́ńpà, ewé sì máa ń há sáàárín wọn àti kọ̀ǹdẹ́ńsà éèsì. Àfi kẹ́ ẹ tú bọ́ńpà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ yin omi alágbára sí i, àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ara rẹ̀ á tẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni ọwọ́ èyí tó tóbi jù, gúlù ẹ̀ tú, orí ẹ̀ wá ń yí kiri. Ẹni tó tà á fún mi ò dá mi lóhùn. Èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá ń ta méjì kékeré yẹn lọ́tọ̀, màá rà á lónìí.