Ẹranko igbó lórí aṣọ tàbí lórí páànù: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹkùn àti ẹtu kọ́ sí pálọ̀, nǹkan méjì ni mo lè bá a sọ̀rọ̀ lé lórí nínú iṣẹ́ ọnà Òṣogbo: àdìrẹ alábẹ́là, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ya àwòrán sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, àti páànù alumíníọ́mù tí wọ́n fi òòlù lù. Mo ti ra méjèèjì.

Ní ti àwọ̀, aṣọ ló ni ín. Igbó inú rẹ̀ máa ń dí: ejò á lọ́ mọ́ ìtàkùn, ojú ọ̀bọ á yọ láàárín ewé. Páànù ò ní ju fàdákà àti dúdú lọ.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló wà níbẹ̀. Ní 2019, mo ra àdìrẹ gígùn kan, ẹtu mẹ́ta ń mumi lódò, ₦45,000. Ẹni tó tà á búra pé kì í ṣí. Ògiri tó kọjú sí fèrèsé ni mo gbé e kọ́ sí. Kó tó pé ọdún méjì, ewé ti pọ́n bíi koríko ọ̀gbẹlẹ̀, ẹtu kan sì ti wọgbó lọ, ìwo rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Ìyàwó mi ní ọdẹ ló pa á. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ fi aṣọ funfun tútù nu igun rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí àwọ̀ bá ran aṣọ funfun náà, ẹ máa lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú: bí ẹ̀yìn bá funfun, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Èyí tó yege pàápàá, ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ń dé. (Ògiri mélòó ló kù nílé yín?)

Asiru Olatunde, ọmọ alágbẹ̀dẹ Òṣogbo tó kú ní 1993, ló sọ páànù di olókìkí. Bàbà ló kọ́kọ́ ń lù kó tó bọ́ sórí alumíníọ́mù. Igi ńlá máa ń dúró nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹranko àti ẹyẹ á yí i ká. Ẹlòmíì ló lu tèmi, ṣùgbọ́n ògiri yẹn kan náà ló wà, erin rẹ̀ ò sì tíì sá lọ. Kì í dógùn-ún. Ẹ má ṣáà fi kànìnkànìn àti eérú fọ̀ ọ́, dúdú rẹ̀ á bọ́.

Owó: aṣọ rọjú. Ìrìn àjò: aṣọ ṣeé ká sínú àpò, etí páànù ń gé ọwọ́.

Méjèèjì dára. Ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn lè ra aṣọ. Tèmi ṣì wà, ọ̀nà ilé ìdáná ni mo gbé e kọ́ sí báyìí.